Fáìlì ni kó rìn, kì í ṣe opó: bí àwọn ẹ̀ka ọ́fíìsì ogún ìjọba ṣe lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀

Ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni ọ́fíìsì Administrator-General àti Public Trustee wà. Òun ló ń bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí ìwé ìhágún, tí kò bá sí ẹni tí gbogbo mọ̀lẹ́bí fọkàn tán, tàbí tí ọmọ tó ni ogún bá ṣì kéré. Ọ́fíìsì ogún ni n ó máa pè é níhìn-ín. New Zealand ló kọ́kọ́ ṣòfin irú rẹ̀ ní 1872, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn ní 1906, ọwọ́ wọn ló sì ti kàn wá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ wọn fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí kúrò ní olú ìlú nìkan lọ sí àwọn ìlú mìíràn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ẹ jẹ́ ká fi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò: ká ní olú ọ́fíìsì wà ní Ìbàdàn, kí ẹ̀ka wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò sọ pé bí wọ́n ṣe tò ó lónìí nìyẹn.

Ohun kan ni mo máa ń wò láti mọ̀ bóyá àwọn ẹ̀ka ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ta ló ń wọkọ̀? Bí opó bá ṣì ń ti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ dé, ẹ kò tíì ní ẹ̀ka. Ibùdókọ̀ mìíràn lẹ là. Ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, torí kí opó náà lè jókòó sílùú rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tí ẹ̀ka lè parí fúnra rẹ̀

Kí ẹ tó ya ilé, kí ẹ tó ra tábìlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni ẹ̀ka lè ṣe láì béèrè, kí ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn? Wọ́n máa ń yan ọ̀gá ẹ̀ka, wọ́n á fún un ní òǹtẹ̀, wọn ò ní sọ ohun tó lè fi òǹtẹ̀ náà ṣe. Èyí tó bá jẹ́ ojo nínú wọn á máa kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn lórí ohun gbogbo. Èyí tó bá láyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ olóògbé.

Bí mo ṣe máa pín in nìyí. Ẹ̀ka ni kó gba ìròyìn ikú, kó fọ̀rọ̀ wá mọ̀lẹ́bí lẹ́nu wò, kó wo ojúlówó ìwé, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka ni kó lọ sí ilé àti oko olóògbé lọ ka ẹrù, òun náà ni kó máa ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìbàdàn ni kó máa lọ sí Kóòtù Gíga fún lẹ́tà ìṣàkóso ogún, ìyẹn ìwé tó ń fúnni láṣẹ láti bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀, kó máa fọwọ́ sí títa ilé tàbí ilẹ̀, kó máa sanwó, kó sì máa dáhùn ẹjọ́. Ní ti ogún kékeré tí òfin ìpínlẹ̀ bá gbà kí a pín láìjẹ́ pé a lọ gba lẹ́tà kóòtù, ẹ̀ka ló máa dámọ̀ràn, Ìbàdàn ló máa fọwọ́ sí i.

Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ lọ sí Ìbàdàn láìní iye ọjọ́ tí èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 tó fún ìfọwọ́sí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá ẹ̀ka gbé fóònù kó pe ọ̀gá àgbà. Nínú iṣẹ́ ìjọba tiwa, ẹni tó bá rán ọ̀gá létí ni wọ́n ń pè ní aláfojúdi, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pè.

Ìgbésẹ̀ 2: Òkú kan, nọ́ńbà kan

Bí ẹ kò bá ráyè ṣe gbogbo ìyókù, ẹ ṣe èyí. Kò gbọdọ̀ sí rẹ́jísítà Ṣakí, kí ti Ìbàdàn tún dá wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni rẹ́jísítà, ẹ̀ka gbogbo ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ mú ìròyìn ikú wá ni fáìlì ti máa gba nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn kò sì gbọdọ̀ yí padà bí fáìlì bá kúrò ní ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn.

Bí rẹ́jísítà bá pín sí méjì, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìyáálé á lọ fẹjọ́ sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó kejì á lọ sí Ìbàdàn. Fáìlì á di méjì, lẹ́tà méjì á lọ sí báńkì kan náà, orúkọ àwọn ọmọ inú èkínní kò ní bá ti èkejì mu. Báńkì á ti àpò owó náà pa, á ní kí ẹ lọ parí ìjà yín. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ wa ni kò jẹ́ kó rọrùn láti rí i pé ẹnì kan náà ni. Ọkùnrin kan lè jẹ́ Sikiru ní báńkì, kó jẹ́ Sikirulahi nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, Shikiru lórí ìwé ilẹ̀, kí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Risi. Obìnrin lè ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣí àpò owó kó tó wọlé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n lè ti yọ Ògún kúrò nínú orúkọ ìdílé, kí Ògúnbíyìí di Olúbíyìí, kí àbúrò má yí tirẹ̀ padà. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà, tí kò rí i, tó sì ṣí fáìlì tuntun, kò tíì wá nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fáìlì, kó fi ohun wọ̀nyí wá a: NIN, BVN, nọ́ńbà fóònù olóògbé, orúkọ ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀. NIN àti BVN ló dájú jù, ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà tó kú kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Agbo ilé ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Èèyàn lè ní orúkọ mẹ́rin, agbo ilé bàbá rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ má kó o mọ́ àdírẹ́sì.

Ọjọ́ tí kò bá sí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀ka ní ìwé tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ sí lára ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n já ẹ̀dà fún ẹni tó mú ìròyìn wá, kí wọ́n sì gbé e wọ rẹ́jísítà ní ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé WhatsApp yá. Ṣùgbọ́n fọ́tò NIN àti ìwé ẹ̀rí ikú olóògbé kò níṣẹ́ tó ń ṣe lórí fóònù òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì mú ọ́fíìsì ìjọba náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìbéèrè kan náà ni kí gbogbo ẹ̀ka máa béèrè

Iṣẹ́ tó ṣòro jù ni mímọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún. Bí Ṣakí bá ń béèrè nǹkan kan tí Ògbómọ̀ṣọ́ ń béèrè òmíràn, ìdílé méjì tí ọ̀rọ̀ wọn jọra á gba ìdáhùn méjì, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti máa sọ pé ẹ gba owó ẹ̀yìn.

Ẹ fi ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, òfin tí wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́yàwó lọ́nà ìbílẹ̀. Lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ìyàwó ní ìpín tirẹ̀. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ló ń jogún. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kò gbọdọ̀ sọ fún opó kankan ohun tó máa kàn án kó tó rí ìwé ìgbéyàwó. Kó sì wò ó dáadáa: ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba kò fún ní àṣẹ láti so ìgbéyàwó bá kọ fúnra rẹ̀, kò tó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ. Ẹ kọ wọ́n sábẹ́ ìyá wọn, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ má kàn tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni ẹjọ́ Dawodu. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní nǹkan bí 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù: ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ dọ́gba? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Federal Supreme Court yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, fọwọ́ sí i ní 1962. Orí-ò-jorí kò kú o: bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè sọ pé òun ni kí wọ́n lò.

Ẹ̀ka kọ́ ló máa yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Tiwọn ni kí àkọsílẹ̀ wọn jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ìṣirò lọ́nà méjèèjì láì tún pe mọ̀lẹ́bí padà. Àkọsílẹ̀ tó bá kàn tò ọmọ mẹ́sàn-án láti orí àgbà dé orí ọmọdé, láìsí orúkọ ìyá, á dá fáìlì padà láti Ìbàdàn sí Ṣakí, á sì tún dá àwọn ọmọ padà sórí àga ẹ̀ka.

Ẹ béèrè ọmọ tó wà níta pẹ̀lú. Bí olórí ẹbí bá ní "a ò mọ̀ ọ́n," ẹ kọ ohun tó sọ, ẹ sì kọ orúkọ ọmọ náà. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàdánù ẹ̀tọ́ nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Kóòtù ló máa sọ ẹni tí wọn kò mọ̀, ẹ̀ka kọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀wé, ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka, kí orúkọ ẹni tó kà á sì wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Láìsí èyí, agbẹjọ́rò kan lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo sọ ìwé yín di asán.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló ni fáìlì?

Ká ní tíṣà kan kú sí Ṣakí. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà, ó ní ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tí rẹ́jísírà rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni ṣíà, wà ní Èkó, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn PFA, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀ka wo ló ni í? Àwọn kan á ní ibi tí ohun-ìní bá ti pọ̀ jù. Èmi ò gbà. Ibi tí ìyàwó àti ọmọ ń gbé ni kó ni í, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa béèrè. Ẹ̀ka Ṣakí ló ni fáìlì, àwọn yòókù ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìrànlọ́wọ́ yẹn náà nílò ètò. Bí Ṣakí bá fẹ́ kí Ìbàdàn lọ wo ilẹ̀ Mọ́níyà, kó kọ ọ́ sórí ojú ewé kan: nọ́ńbà fáìlì, ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́, ọjọ́ tó fẹ́ ẹ. "Ẹ bá wa wo ilẹ̀ náà" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ́lé sórí rẹ̀, ta sì ni?" ni ìbéèrè. Èsì á bọ́ sínú fáìlì kan náà, kì í ṣe sínú lẹ́tà tó máa gba ọ̀nà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì nìkan ni mo máa fi sílẹ̀ pátápátá fún Ìbàdàn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí tí kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po 3 owó oṣù ọdún kan fún òṣìṣẹ́, owó yẹn sì máa ń pọ̀ ju ohun tí mọ̀lẹ́bí rò lọ. Bí ẹ̀ka mẹ́ta bá ń kọ̀wé sí PFA kan, kò sí èyí tí wọ́n máa dá lóhùn.

Ẹ béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bóyá olóògbé ní ohunkóhun ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Lẹ́tà tí Kóòtù Gíga Ọ̀yọ́ bá fún yín kò lágbára lórí ilé tó wà ní Abẹ́òkúta àfi tí kóòtù ti Ògùn bá tún lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Owó àti àsìkò ni ìyẹn, kí mọ̀lẹ́bí mọ̀ kó tó di pé wọ́n ń retí. Ìlú Ọba náà ń tún òǹtẹ̀ lu lẹ́tà láti Nàìjíríà, lábẹ́ òfin wọn ti 1892, bó bá jẹ́ pé olóògbé ní owó ní báńkì Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni Ṣakí tó ní oko tàbí ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàbẹ́, lápá Benin, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Òfin tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ notaire, ìyẹn amòfin tí ìjọba fún láṣẹ láti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ló ń gbà. Kí ẹ̀ka sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kedere, kó má ṣèlérí.

Ìgbésẹ̀ 5: Owó kò gbọdọ̀ sùn ní ẹ̀ka

Èyí kò gùn. Ẹ̀ka kò ní àpò owó ní báńkì. Ẹ̀ka kì í gba owó lọ́wọ́, kì í sì í fún èèyàn lówó lọ́wọ́. Owó gbogbo olóògbé wà nínú àpò kan tó yàtọ̀ sí owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé, pẹ̀lú ojú ewé tirẹ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ìṣúra ìpínlẹ̀ bá ní kí ẹ da gbogbo àpò owó pọ̀ sọ́nà kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó ọmọ òrukàn kì í ṣe owó ìjọba.

Nígbà tí owó bá fẹ́ jáde, ẹ̀ka á rí ẹni náà lójúkojú, á yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìbàdàn á wá pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe nọ́ńbà tó bá ìwé ìsanwó wá. Ibi tí olè ti ń wọlé nìyẹn.

Ìpín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wà lọ́wọ́ yín títí á fi pé e. Owó ilé-ìwé rẹ̀ lè jáde ṣáájú: ẹ̀ka á gba ìwé owó láti ilé-ìwé, Ìbàdàn á san án fún ilé-ìwé tààrà. Kì í ṣe fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n náà jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìpàdé orí fóònù, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ìṣẹ́jú 30. Kò sí kíka ìròyìn gígùn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á mú nǹkan mẹ́ta wá: fáìlì rẹ̀ tó pẹ́ jù, èyí tó ń dúró de ẹ̀ka mìíràn, àti kávéàtì tuntun. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan kó ní òun kò ní, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ lọ.

Kávéàtì, ìyẹn ìwé tí ẹnì kan fi sí kóòtù pé kí wọ́n má tíì fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà, gbọ́dọ̀ dé etí gbogbo ẹ̀ka ní ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́. Oṣù 3 ló máa ń lò, wọ́n sì lè tún un ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sí iwájú fáìlì, torí mo ti rí fáìlì tí gbogbo èèyàn ń yẹra fún nítorí kávéàtì tó ti kú tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn

Ní Ìsẹ́yìn, ta ni kì í ṣe ẹbí ta? Òṣìṣẹ́ tó bá mọ ìlú wúlò gan-an: ó mọ agbo ilé, ó mọ ẹni tó ń parọ́. Òun náà ni wọ́n á kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ẹ má lé e lọ. Ẹ ṣòfin pé bí òkú bá jẹ́ ará ilé rẹ̀, àna rẹ̀, tàbí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, kó sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ náà, kí fáìlì náà bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn nígbà tí mọ̀lẹ́bí ṣì ń wá sí Ìsẹ́yìn. Iṣu àti adìẹ tí wọ́n bá gbé wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ẹni tó gbé e wá kò ní í lọ́kàn pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀gá ẹ̀ka lọ síbòmíràn, kó má kúrò láìkọ ìlà kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: kí ló kàn, ta ló ń dúró, ọjọ́ wo? Kí ẹni tó ń bọ̀ fọwọ́ sí i.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi òkú tuntun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n to fáìlì sí ní Ìbàdàn, ẹ ṣa gbogbo ti Òkè-Ògùn jáde, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tuntun, ẹ gbé wọn lọ sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kò ní lọ mọ́. Fún àwọn yẹn, ẹ rán iṣẹ́ sí baálẹ̀, sí mọ́sáláṣí, sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí rédíò àdúgbò náà sì kéde rẹ̀. Orúkọ olóògbé, agbo ilé, nọ́ńbà fáìlì, àti ẹ̀ka tí wọ́n á lọ: kí ìkéde má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dárúkọ iye owó, ẹ má sì sọ iye ọmọ, torí ẹni tó bá wá sọ pé ọmọ olóògbé ni òun, òun ni kó sọ ìyẹn fún yín.